Ilé sàntíráàlì fóònù àtijọ́ ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ: ibo gan-an ni wọ́n wà?

ÌBÉÈRÈ, láti ọ̀dọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀) kan tó ń gbé Kútọnu:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jiyàn, ẹ bá wa dá sí i. Ó ní ilé tó ní òpó gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ọ̀sìtì ni sàntíráàlì fóònù (ilé tí wáyà fóònù gbogbo ìlú ń pàdé sí, tí wọ́n ti ń so ìpè pọ̀) láyé OPT, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó lẹ́tà àti fóònù, mo ní irọ́ ni, òpó yẹn ti rédíò ni, sàntíráàlì ò ní òpó. Bàbá wa ní Kétu tún dá tiẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní Kétu ò ní sàntíráàlì rí, Pobẹ̀ ló ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ lọ. Ta ló mọ̀ ọ́n? Báwo lèèyàn ṣe máa dá ilé yẹn mọ̀ lónìí? Ṣé ó tiẹ̀ yẹ ká máa wá a ni àbí kí wọ́n wó o kí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù?

* * *

ÌDÁHÙN: Ẹ má wá òpó, ẹ wá nọ́ńbà.

Mo rí i pé gbogbo ẹni tó dáhùn ṣáájú mi ló ń sọ̀rọ̀ òpó, ọ̀kan ní tẹ̀yìn pọ́ọ̀sìtì, òmíràn ní èyí tó wà lọ́nà Wàndó, ìyẹn ò lè mú wa débì kankan. Nọ́ńbà fóònù ilé láyé OPT, inú ẹ̀ gan-an ni wọ́n fi sàntíráàlì sí. Ẹ rántí pé ẹyọ mẹ́fà ni nọ́ńbà wa kó tó di mẹ́jọ. Méjì tó ṣáájú, ti sàntíráàlì ni, mẹ́rin tó kù ni tìẹ. Ní Àjàṣẹ́ méjì ló wà: 21 ni ti àdúgbò Oganla, 22 ni ti àdúgbò Kandévié. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di mẹ́jọ lẹ́yìn ọdún 2000, wọ́n fi 20 síwájú gbogbo agbègbè wa, ó wá di 20 21 àti 20 22. Sẹ̀mẹ̀ ń jẹ́ 20 24, Pobẹ̀ àti Kétu 20 25, Sákété àti Ìgòlò 20 26, Adjohoun 20 27. Kútọnu bọ́ sí abẹ́ 21: Cadjèhoun 21 30, Ganhi 21 31, Akpakpa 21 33. Àwọn ará òkè wà lábẹ́ 22: Ìdáàṣà 22 53, Savalou 22 54, Ṣábẹ 22 55.

Nítorí náà, kí ẹ tó jáde lọ máa gbójú sókè wo òpó kiri, ẹ tú àpótí Bàbá. Ẹ wá fàkítọ̀ (ìwé owó ọjà) àtijọ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó, risíìtì ṣọ́ọ̀bù, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Pátákó télọ̀ kan wà tí mo máa ń kọjá lára ẹ̀, ọ̀dà ti ṣí kúrò lára ẹ̀ tán, àwọ̀ búlúù ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́fà síbẹ̀, ẹlòmíràn wá fi ọ̀dà dúdú kọ 20 síwájú ẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ò jọra rárá, 20 yẹn tiẹ̀ rọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ pátákó torí àyè ò sí. Nọ́ńbà búlúù yẹn fi 22 bẹ̀rẹ̀. Kandévié ni wáyà télọ̀ yẹn ń lọ, kò sí àní-àní.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé ṣé nọ́ńbà lásán lè fi hàn pé ilé kan wà lóòótọ́, pé ṣebí ẹnì kan lè jókòó sí ọ́fíìsì kó kàn pín nọ́ńbà bó ṣe wù ú.

Ó lè ṣe é lónìí o. Nígbà yẹn, kò rọrùn. Fóònù ilé kọ̀ọ̀kan ní wáyà bàbà méjì tiẹ̀, tó ti inú ilé ẹ jáde, tó gba òpó igi dé àpótí irin tó wà létí títì, láti ibẹ̀ ó wọ abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ títí dé ilé kan ṣoṣo. Ilé kan náà. Bí ilé ẹ bá ti jìnnà jù sí ibẹ̀, ohùn á máa kéré, ìdí nìyẹn tí ìlú tó bá fẹ̀ fi ń ní ju ẹyọ kan lọ. Ẹyọ mẹ́rin tó gbẹ̀yìn sì bẹ̀rẹ̀ láti 0000 títí dé 9999, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 10,000, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ 21 tàbí lábẹ́ 22. Ẹ má rò pé wọ́n kún o. Nǹkan bí ọdún 2000, fóònù ilé ní gbogbo orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ò tó ẹyọ kan fún ọgọ́rùn-ún èèyàn. Àwọn tó ní in nígbà yẹn, ẹ mọ irú wọn: ọ́fíìsì ìjọba, dókítà, àwọn oníṣòwò ńlá, àlùfáà, àti ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò tí gbogbo èèyàn ń lọ gba ìpè nílé ẹ̀ tí ìyàwó ẹ̀ á wá máa bínú.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ pé kí ló dé tí fóònù fi ń gbé lọ́dọ̀ pọ́ọ̀sìtì. Èrò tó pọ̀ jù níbí ni pé ìjọba ò fẹ́ náwó, ni wọ́n fi rọ́ méjèèjì sínú ilé kan. Mi ò gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti Faransé wá, ó sì ti pẹ́ ju Dahomey tí Faransé ń ṣàkóso lọ. Ní Páríìsì, ilé-iṣẹ́ aládàáni ló kọ́kọ́ ń ṣe fóònù, ìjọba gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1889, wọ́n sì gbé e fún àwọn tó ń bójú tó lẹ́tà àti tẹlifíráàmù. Bí PTT (pọ́ọ̀sìtì, tẹlifíráàmù àti tẹlifóònù) ṣe di ọ̀kan nìyẹn, ibikíbi tí wọ́n bá sì ti lọ ṣèjọba, ohun kan náà ni wọ́n ń gbé lọ. Lẹ́yìn òmìnira, OPT la ń pè é lọ́dọ̀ tiwa, kò sì yà títí di 2004, ọdún yẹn ni lẹ́tà bá tiẹ̀ lọ, tí fóònù bá tiẹ̀ lọ. Àwọn ará Nàìjíríà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, P&T ni tiwọn, 1985 ni fóònù kúrò níbẹ̀ tó di NITEL.

Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ní ìlú kékeré, fóònù àti sítáǹpù wà nínú yàrá kan náà. Pátákó kan ló ń wà níbẹ̀ tó kún fún ihò, òṣìṣẹ́ kan á jókòó síwájú ẹ̀, tí ìpè bá wọlé ìlẹ̀kùn kékeré kan á já bọ́ lójú pátákó, á fi okùn so ẹni tó pè mọ́ ẹni tí wọ́n pè. Ìyẹn ò nílò ilé ọ̀tọ̀. Tí ìwọ bá fẹ́ pe ìlú mìíràn, wàá kọ orúkọ sílẹ̀, wàá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á pè ọ́ tó bá yá. Tó bá yá. Òṣìṣẹ́ yẹn sì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, òun ló mọ aṣírí ìlú.

Ẹ̀rọ tó ń so ìpè fúnra ẹ̀ ló mú ilé ọ̀tọ̀ wá. Amẹ́ríkà kan tó ń ta pósí òkú, Almon Strowger, ló gba ìwé àṣẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1891. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé òṣìṣẹ́ pátákó ìlú wọn ń gbé ìpè oníbàárà ẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn tó ń ta pósí. Òótọ́ ni o, irọ́ ni o, ó dùn ún gbọ́.

* * *

Ó yá, bẹ́ ẹ ṣe máa dá ilé náà mọ̀.

Mo ti bá àwọn tó ń so kébù ṣiṣẹ́ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ́ ni tèmi, àmọ́ ojú mi ò fọ́. Ọ̀gá tó ń so wáyà á wọ inú kòtò, wọ́n á ta agboòrùn lé e lórí, á ṣí awọ kébù, wáyà tín-tìn-tín á tú síta ní méjì-méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tiẹ̀, á sì máa lọ́ wọn pọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Tó bá ṣi ẹyọ kan lọ́, ilé dókítà á máa dún ní ilé alápatà.

Sàntíráàlì ni gbogbo kòtò yẹn ń lọ, nítorí náà ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ní iwájú ilé tó bá jẹ́ sàntíráàlì, ìdérí kọnkéré ńláńlá máa ń wà nílẹ̀, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn bọ̀ láti títì, wọ́n á dúró lára ògiri. Ògiri yẹn nípọn. Fèrèsé kéré tàbí kó wà lókè pátápátá, torí eruku ni ọ̀tá ẹ̀rọ yẹn. Òrùlé ga ju ti ilé ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, torí àgbékà irin tí wọ́n ń so wáyà mọ́ ga ju èèyàn lọ dáadáa, àkàbà ni wọ́n fi ń gùn ún. Yàrá kan á tún wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ihò atẹ́gùn pọ̀ lára ẹ̀, ìyẹn yàrá bátìrì, torí àṣíìdì ń rú, ó sì ń rùn. Ẹ wo ilẹ̀ yàrá yẹn tí wọ́n bá jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé, ẹ á rí ibi tí àṣíìdì ti jẹ ẹ́.

Ní ti òpó: ẹ̀gbọ́n yín ò jẹ̀bi pátápátá. Láàrin ìlú sí ìlú, afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìpè ń gbà, àwo ńlá lókè òpó kan á kọjú sí àwo lókè òpó kejì, nítorí náà òpó lè wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú sàntíráàlì. Àmọ́ láàrin ìlú, wáyà ni. Ẹ lè rí òpó tí kò ní sàntíráàlì nídìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló wà báyìí.

* * *

Ẹnì kan sọ pé òun ò rí ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀ yàrá bátìrì fún, pé fóònù ilé ò lo iná.

Ó ń lo iná kẹ̀! Iná tiẹ̀ ń gba inú wáyà yẹn kan náà wá láti sàntíráàlì, 48 volt. Ìdí nìyẹn tí iná ìlú fi máa ń lọ tí fóònù á ṣì máa dún. Ẹni tó bá gbé Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún 1998, nígbà tí omi Akosombo ní Gánà gbẹ débi pé iná ò tó wa mọ́, á rántí. Òkùnkùn biribiri, fìrísà ń yọ́, ẹlẹ́ja ń sunkún, fóònù ilé ń dún. Bátìrì ló ń gbé e, tí bátìrì bá ti ń rẹ̀, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ fún un. Àwọn tó ní ti ọwọ́ ló dára ju ti ilé lọ ní gbogbo ọ̀nà, ẹ rọra o, ẹ ṣáà wo fóònù yín lálẹ́ ọjọ́ tí iná bá lọ.

* * *

Kétu. Mo mọ̀ pé ibí ni ìjà wà.

Àwọn ọmọ Kétu méjì ti bú mi tán torí mo kọ Pobẹ̀ àti Kétu pọ̀ sábẹ́ 20 25. Èmi kọ́ ni mo so wọ́n pọ̀ o, bó ṣe wà nínú ètò nọ́ńbà nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Pé ìlú méjì jọ ń jẹ́ 20 25 ò sọ pé ilé kankan ò sí ní ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n lè pín 10,000 yẹn, kí apá kan wà fún ibí, kí apá kan wà fún ọ̀hún, kí ẹ̀rọ kékeré jókòó sí ìlú kan kó máa gba àṣẹ lọ́wọ́ àgbà tó wà ní ìlú kejì. Nítorí náà, Bàbá tó ní Pobẹ̀ ló ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ lọ lè tọ̀nà, kí ẹni tó sọ pé òun rí ilé ẹ̀rọ ní Kétu náà sì tọ̀nà. Ẹyọ tó tẹ̀ lé 25 ló máa là á. Ẹ kó nọ́ńbà àtijọ́ ti Kétu márùn-ún mẹ́fà jọ àti ti Pobẹ̀, tí ti Kétu bá ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan náà tí ti Pobẹ̀ sì yàtọ̀, a ti mọ̀ pé wọ́n pín in.

Ẹ ní kí ló dé tí Pobẹ̀ fi ṣíwájú. Lójú tèmi, rélùwéè ni. Ọkọ̀ ojú irin láti Àjàṣẹ́ dé Pobẹ̀ kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, epo pupa ni wọ́n ń wá, ní 1922 wọ́n tún dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Kétu, pẹ̀lú Alákétu àti odi àti Akaba Idena, ẹnubodè àtijọ́ yẹn, ìlú tó ti wà kí Faransé tó mọ ọ̀nà, kò rí ojú irin. Ibi tí òyìnbó bá ti ní ọjà, ibẹ̀ ni wáyà ń lọ. Ìyẹn ò kan iyì ìlú.

Ohun tó tiẹ̀ ń dùn mí ju ti Pobẹ̀ lọ ni ti Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà. Ará wa ni wọ́n, ààlà lásán ló wà láàrin. Àmọ́ láti fi fóònù ilé pè wọ́n, 234 lẹ máa tẹ̀, ìpè yẹn á sọ̀kalẹ̀ lọ Kútọnu, á kọjá sí Èkó, á tún gòkè padà, wọ́n á sì gba owó òkèèrè lọ́wọ́ yín. Tí ẹnì kan bá kú, ọmọ tó gun alùpùpù gba inú oko lọ ti débẹ̀, ó ti jẹun, ó ti ń bọ̀.

* * *

Ṣábẹ, kíákíá. Àwọn kan ń sọ pé gáàrì (ibùdókọ̀ ojú irin) ni sàntíráàlì, pé fóònù wà ní gáàrì kó tó dé pọ́ọ̀sìtì. Fóònù wà ní gáàrì lóòótọ́. Ojú irin láti Kútọnu dé Ṣábẹ ní 1911, ojú irin kan ṣoṣo sì ni, ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń lò ó, gáàrì kan gbọ́dọ̀ bi èkejì bóyá ọ̀nà ṣófo kó tó jẹ́ kí ọkọ̀ ṣí. Wáyà tó ń tọ ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ, iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe fún ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Parakou. Nítorí náà ẹ má lọ ya gáàrì kẹ́ ẹ ní sàntíráàlì nìyí. 22 55 ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ bi àwọn àgbà adúgbò pé ibo ni kòtò wáyà pọ̀ sí.

* * *

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní ká fi sàntíráàlì sílẹ̀, pé kabínì (ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ti ń sanwó pe fóònù) ni àwọn mọ̀. Èmi náà ti ta ìpè ní kabínì lápá Wàndó, mo mọ ìyà ẹ̀.

Àpótí kékeré kan wà níwájú wa tó ń ka owó. Àwọn oníbàárà gbà pé èmi ni mò ń ti nọ́ńbà yẹn sáré. Ọwọ́ mi ò kan nǹkan kan! Láti sàntíráàlì ni àmì ti ń wá, bí ẹni tó ò ń pè bá ti gbé e, ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bó bá jẹ́ òkèèrè, á máa yára. Ìyá kan á pè, ọmọ ọ̀dọ̀ á gbé e lọ́hùn-ún, á ní "ẹ dúró kí n lọ pè wọ́n", á wá gbé fóònù kalẹ̀ máa lọ. Ìyá á dúró. Owó ń lọ. Lẹ́yìn náà ìyá á ní òun ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ni mo fẹ́ gbowó lé lórí? A máa jà títí àwọn ẹlẹ́pọyó tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á fi bá wa dá sí i, àwọn gan-an á wá pín sí méjì.

Nǹkan bí ọdún 2000 ni fóònù ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, àwa oníkabínì la kọ́kọ́ jẹ nínú ẹ̀ torí a rà á, a fi ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn, àwa náà ló sì kọ́kọ́ pa. Nọ́ńbà tó wá jáde nígbà yẹn ò mọ ilé kankan mọ́. Ẹ lè fi í pè láti Kétu, láti Ṣábẹ, láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ní 30 oṣù kọkànlá 2024 wọ́n tún fi 01 síwájú ẹ̀, ó di ẹyọ mẹ́wàá (ọjọ́ yẹn gan-an náà ni Dahomey di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, mi ò mọ ẹni tó ń yan ọjọ́ fún wọn), 01 yẹn ò sì sọ ibi tó o wà.

* * *

Wíwó tàbí àìwó. Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Àwọn tó ní kí wọ́n wó o ń sọ pé ilẹ̀ wọ́n láàrin ìlú, àwọn tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fẹ́ mùsíọ́ọ̀mù.

Àjàṣẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù tó tó, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwọn ilé Àgùdà tí a ní ń wó lulẹ̀ lójú wa, a ò rí owó tún wọn ṣe, ṣé ti ẹ̀rọ fóònù la fẹ́ rí owó ẹ̀? Ògiri yẹn ò jẹ́ nǹkan kan fún mi. Ohun tó ṣe pàtàkì wà nílẹ̀: páìpù tí wáyà ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ fa fíbà (wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì) láàrin Àjàṣẹ́ lónìí, tí páìpù àtijọ́ yẹn bá ṣí, kò ní tún títì fọ́. Tí ẹ bá wó ilé, tí katapílà sì kó kòtò ẹnu ọ̀nà lọ pẹ̀lú ẹ̀, gbogbo páìpù ti di aláìlórí nìyẹn. Ẹ ta ilẹ̀ tó kù, ẹ fi kòtò sílẹ̀.

Àwọn tó ń hú wáyà bàbà tà sì wà o, àwọn ló ń ba nǹkan jẹ́ ju katapílà lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fa kébù títí tí páìpù fi fọ́, bàbà tí wọ́n rí níbẹ̀ ò tó owó ọjọ́ méjì.

Tí wọ́n bá sì máa wó o ṣáá, kí ẹnì kan wọlé kọ́kọ́ ya àwòrán àgbékà irin yẹn. Àkọlé wà lára ẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ibi tó ń lọ. Ibẹ̀ lẹ máa rí àdúgbò tó ní fóònù àti èyí tí kò ní, kò sí ìwé ìtàn tó máa sọ ìyẹn fún yín.

* * *

Fún ẹni tó bi mí bóyá nọ́ńbà ilé wọn tó jẹ́ 20 22 lè jẹ́ ti Oganla torí Oganla ló sún mọ́ wọn jù: rárá, Kandévié ni. Àpótí irin létí títì ló ń pín àdúgbò, kì í ṣe ìrìn ẹsẹ̀, ilé méjì tó dojú kọ ara wọn lè lọ ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹni tó bá sì ní ìwé nọ́ńbà fóònù OPT àtijọ́ nílé, èyí tó nípọn yẹn, tí wọn ò bá tíì fi di àkàrà, ẹ ya àwòrán ojú ewé Kétu, Pobẹ̀ àti Ṣábẹ, kẹ́ ẹ gbé e síbí. Ẹ fi ìka bo orúkọ àwọn èèyàn, nọ́ńbà nìkan la fẹ́.